Ìgbà wo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kóòdù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ software architecture? Ohun tí iṣẹ́ àjọ fi yé mi

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í pẹ́ béèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ software architecture?” Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bí a ṣe ń pín prógíráàmù sí apá-apá, àti ibi tí a ń fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan sí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti wo fídíò yó kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti há orúkọ àwọn ọ̀nà tí à ń gbà to prógíráàmù sórí: microservices, event-driven, hexagonal, CQRS. Tí mo bá wá ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn jáde, ẹ̀rọ ìṣirò kan la máa rí, tàbí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. N kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ìtara dára. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni kò ní ọdún tàbí oṣù nínú. Ọjọ́ tí ẹni tó ń lo prógíráàmù rẹ bá padà wá bá ọ, tó ní òun fẹ́ kí o yí nǹkan kan padà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí o bẹ̀rẹ̀. Tí o bá rí i pé ohun tó fi gbólóhùn kan sọ, fáìlì mẹ́fà lo ní láti ṣí kí o tó lè ṣe é, o ti wọ kíláàsì náà nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀.

Iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ìyá alájọ kan n’Ìbàdàn ló fi èyí yé mi. Ẹni tó bá mọ àjọ ojoojúmọ́ mọ bó ṣe ń lọ: oníbàárà ní káàdì tó ní àpótí 31, iye kan náà ló ń dá lójúmọ́, alájọ á sì sàmì sí àpótí ọjọ́ náà. Bí oṣù bá parí, alájọ á kó owó fún oníbàárà, á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń dá ₦500 nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31 ti dá ₦15,500. ₦15,000 ló máa gbà.

Prógíráàmù tí mo kọ́kọ́ kọ fún màmá náà kò ju òfin yìí lọ. Tábìlì kan wà fún oníbàárà, òpó kan nínú tábìlì náà sì ni owó tó wà nílẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá owó, ẹ̀rọ á fi kún un; bó bá wá gbà á, ẹ̀rọ á yọ ọ́. Orí laptop kan nílé màmá ló ń gbé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì máa ń tẹ ohun tó wà lórí káàdì sínú rẹ̀ lálẹ́. Títí dòní mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nígbà náà nìyẹn. Ẹnì kan ló ń gbowó, ẹnì kan ló ń tẹ̀ ẹ́, ọjà kan ṣoṣo ni. Ká ní mo jókòó ti àwòrán onígun mẹ́rin àti ọfà fún oṣù mẹ́ta kí n tó gbé e wá, ohun tí màmá ò nílò ni ǹ bá fi oṣù mẹ́ta kọ́, àwọn náà ò bá sì ti padà sídìí ìwé olójú ewé gígùn wọn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ dé. “Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ ní ₦9,000 ni ti ìyá oníṣu. Ìyá oníṣu ní ₦9,500 lòun dá. Ọjọ́ wo ni kò sí níbẹ̀?”

Káàdì lè dáhùn èyí lójú ẹsẹ̀, o kàn máa wo àpótí tó ṣófo ni. Ẹ̀rọ tó jẹ́ àròpọ̀ nìkan ló ń tọ́jú kò lè sọ ọ́. Mo bá dá tábìlì kejì sílẹ̀, níbi tí ìdáwó kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà tirẹ̀: ta ló dá a, èló ni, ti ọjọ́ wo ni, ta ló gbà á. Owó tó wà nílẹ̀ kò tún sí nínú òpó kankan mọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò rẹ̀ láti inú àwọn ìlà yẹn. A sì fòfin sí i pé a kì í pa ìlà rẹ́. Bí ẹnì kan bá tẹ ₦5,000 dípò ₦500, ìlà mìíràn la máa kọ láti fi yọ àlékún náà, kí ti tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn akọ̀wé owó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Èmi ò pè é ní nǹkan kan nígbà náà. Mo kàn fẹ́ kí màmá rí èsì ni.

Ìbéèrè kejì ló wá fi hàn mí bí ìpinnu kékeré yẹn ṣe wúwo tó. Oníbàárà ti pọ̀, màmá fi ọmọ rẹ̀ sí apá kejì ọjà, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa tẹ owó sórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọjà yẹn sì nìyí, ó ń wá, ó ń lọ. Wo bí ì bá ṣe rí ká ní àròpọ̀ ni fóònù kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri. Fóònù màmá ní ₦4,000 ni ti aláta, torí màmá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Fóònù ọmọ rẹ̀ ní ₦4,500, torí òun náà gba ti ọjọ́ méjì nígbà tí aláta kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, èwo ni server, kọ̀ǹpútà àárín tí fóònù méjèèjì ń ránṣẹ́ sí, máa gbà gbọ́? Èyí tó dé kẹ́yìn? Èyí tó pọ̀ jù? Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, kò sì sí ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà lè dá sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìlà ìdáwó ni fóònù méjèèjì ń gbé, ọ̀rọ̀ ti tán: server á kó ti ìhín àti ti ọ̀hún jọ, á ṣírò wọn. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, UUID, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé rárá. Bí fóònù bá rán ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé èsì àkọ́kọ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, server á rí nọ́ńbà náà, á mọ̀ pé òun ti ní in, á sì fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí làwọn oníbàárà kan fẹ́ máa fi transfer sanwó. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí ni pé ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ gba owó á ké sí server rẹ pé owó ti wọlé; webhook ni wọ́n ń pè é. Bí server rẹ ò bá tètè dáhùn pé òun ti gbọ́, wọ́n á tún ké sí i. Ìròyìn kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹni tó bá sì ń fi gbogbo ohun tó bá gbọ́ kún àròpọ̀ máa fún oníbàárà lówó tí kò dá. Tiwa ò gba iṣẹ́ púpọ̀. Nọ́ńbà ìtọ́kasí tó bá owó wá la fi ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà náà, a sọ fún database, ibi tí àwọn tábìlì wa wà, pé kò gbọdọ̀ gba irú rẹ̀ méjì, ó parí. Ó pẹ́ kí n tó ka ìwé tó pe èyí ní idempotency, ọ̀rọ̀ náà sì dà bí ará ilé tí mo pàdé lójú ọ̀nà. Àwọn tó kọ́kọ́ há orúkọ yìí sórí kí wọ́n tó rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ibi tó yẹ kí wọ́n lò ó ni wọn kì í rí.

Ibì kan wà tí n kò lè yára kọjá, torí àwa Yorùbá ló kàn jù. Ọmọ màmá ń ṣe tíṣà, kò sì fẹ́ kọ orúkọ ènìyàn láìsí àmì ohùn. Orí fóònù rẹ̀ ló ti ń tẹ Adébáyọ̀, pẹ̀lú àmì gbogbo. Màmá náà ń tẹ ẹ́ lórí tirẹ̀, keyboard mìíràn ló wà lórí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá orúkọ yìí, ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú wọn gbangba. Ohun tó fà á rèé. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ò náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe la máa ń tò ó pọ̀. Keyboard kan á fi ọ ṣáájú, á fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á fi ò ṣáájú, á fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta á fi o lásán, á to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú PostgreSQL, database tí à ń lò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ́ àti ẹ̀ náà rí. Àwọn Faransé ò mọ ìyọnu yìí tó bẹ́ẹ̀, torí é tiwọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fídíò tí gbogbo yín ń wò kì í fi mẹ́nu kàn án.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Unicode ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní NFC, tó máa ń sọ irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, JavaScript, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, sì ti ní function (ìlà kóòdù tí a kó jọ láti ṣe iṣẹ́ kan) fún un láti ọdún 2015. A tún fi òpó kejì sí i, níbi tí orúkọ wà láìní àmì kankan, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, fún wíwá nìkan, torí orúkọ tó ń bá owó transfer wá sábà máa ń jẹ́ ADEBAYO gàgàrà. Ìlà kóòdù díẹ̀ ló gbà. Ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ ni ibi tí a máa fi àwọn ìlà yẹn sí. Orúkọ ń gba orí fóònù wọlé, ó ń gba orí laptop, ó ń gba inú fáìlì Excel tí màmá ti ní tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn báńkì. Bí mo bá fi ìlànà NFC sí ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó bá fi ẹnu ọ̀nà karùn-ún kún un lọ́dún tó ń bọ̀ á gbàgbé. Nítorí náà ibì kan ṣoṣo ló wà nínú kóòdù wa tí orúkọ lè gbà dé inú database, ibẹ̀ ni ìlànà náà sì wà. Bí mo bá fẹ́ fi software architecture han ẹni tó ti mọ function àmọ́ tí kò tíì mọ nǹkan mìíràn, àpẹẹrẹ yìí ni mo máa ń lò, torí orúkọ tirẹ̀ gan-an la fi ń dán an wò.

Irú rẹ̀ tún ni ti owó iṣẹ́. Àwọn oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, màmá sì bá wọn dá àdéhùn mìíràn. Òfin “yọ ti ọjọ́ kan” wà lójú fóònù, ó wà nínú SMS ìparí oṣù, ó tún wà nínú ìwé ìṣirò tí a ń tẹ̀ jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, ó di function kan tí àwọn mẹ́ta yòókù ń bi léèrè. Àsìkò yẹn ni mo ka àpilẹ̀kọ kan tí David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ lọ́dún 1972. Ó mú prógíráàmù kékeré kan tó ń to àwọn àkọlé sínú atọ́ka, ó sì pín in sí apá-apá lọ́nà méjì. Lọ́nà kìíní, ó tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ iṣẹ́: kà á wọlé, yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po, tò ó, tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́nà kejì, ó wo àwọn ìpinnu tó ṣeé ṣe kó yí padà, ó sì fi ìkọ̀ọ̀kan wọn pamọ́ sí apá kan. Ọ̀nà méjèèjì ṣiṣẹ́. Ìgbà tó béèrè pé bí èyí tàbí ìyẹn bá yí padà, apá mélòó la máa fọwọ́ kàn, ni ìyàtọ̀ wọn tó hàn: ní ti àkọ́kọ́, ìyípadà kan á kan púpọ̀ nínú wọn, ní ti èkejì, ó sábà máa ń kan ẹyọ kan.

Mo ti fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àpilẹ̀kọ yìí rí kí ẹnikẹ́ni tó lo ohun tó kọ. Ó kà á tán, ó ní ó dára, ó padà sídìí fídíò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣe prógíráàmù fún ṣọ́ọ̀bù apoògùn kan, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń ka oògùn padà, láti orí páálí sórí sáṣẹ́ẹ̀tì. Ó tún un kà, ó pè mí lálẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni yìí mọ ilé mi.” Ìwé kan náà ni o. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń kà á ló yàtọ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe ń sáré lọ sí microservices, ìyẹn pípín prógíráàmù kan sí ọ̀pọ̀ prógíráàmù kéékèèké (service) tó ń dá ṣiṣẹ́, tó sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ kan á fẹ́ kọ áàpù fún ilé ìwé kékeré, òun nìkan ló ń kọ ọ́, á pín in sí service méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní database tirẹ̀. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ lọ́dún 1968 pé bí àwọn ènìyàn inú ilé iṣẹ́ kan bá ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ohun tí wọ́n bá kọ́ ṣe máa rí. Ilé iṣẹ́ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ nílò ààlà, kí ẹgbẹ́ kan má bàa máa dúró de èkejì. Ìwọ nìkan, ta lò ń dúró dè? Lọ́dún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Prime Video ti Amazon kọ ọ́ síta pé irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí àwòrán àti ohùn ṣe ń jáde sí, tí wọ́n ti kọ́kọ́ pín sí apá tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ti kó o pọ̀ sójú kan, owó tí wọ́n ń ná lé e sì fi ohun tó ju 90% lọ dín kù. Èyí ò sọ pé Amazon ti kọ microservices sílẹ̀, irinṣẹ́ kan péré ni. Ó kàn fi hàn pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ náà máa ń ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ní ohun tó máa ṣírò kò lè yàn, àdàkọ ló máa ṣe.

Kí ló wá yẹ kó ṣáájú? Bí a bá ní kí n mú ẹyọ kan, database ni mo máa mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jiyàn. Kóòdù ṣeé tún kọ láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ìdáwó àwọn oníbàárà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn wà níbẹ̀ títí, gbogbo àṣàyàn tí o ṣe lórí tábìlì sì máa bá ọ lọ. Lọ́dún 1970 ni Edgar Codd ti ilé iṣẹ́ IBM gbé ìlànà tábìlì àti ìbátan wọn jáde, òun ṣì ni a ń lò. Ẹ ka iye framework JavaScript (kóòdù tí àwọn mìíràn ti tò sílẹ̀ kí a lè kọ́lé lé e) tó ti dé tó sì ti lọ láàárín ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn database, kí o mọ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà inú kóòdù, kí o sì mọ bí a ṣe ń kọ test, kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò ní test á máa bẹ̀rù àtijẹ́ kí ohunkóhun yí padà, ẹni tó sì ń bẹ̀rù kò lè tún nǹkan tò.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí kò lè dúró de ìyípadà kankan, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí a ti là wọ́n yé akẹ́kọ̀ọ́. Owó, ẹ kà á ní kọ́bọ̀, kó jẹ́ odidi nọ́ńbà. Ní JavaScript, 0.1 + 0.2 kì í jẹ́ 0.3, 0.30000000000000004 ló máa bọ́ sí. Paystack gan-an, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ́bọ̀ ló ń gbà: ₦500 á di 50000. Password kò gbọdọ̀ wà nínú database bí oníbàárà ṣe tẹ̀ ẹ́. BVN àti NIN tí o kò nílò, má gbà á rárá. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ìdáàbòbò dátà, àmọ́ bí òfin ò tilẹ̀ sí, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, ẹnikẹ́ni ò lè jí i lọ́wọ́ rẹ.

Ní báyìí, ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, n kì í fún un ní ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní architecture. Mo máa ń jẹ́ kó parí prógíráàmù kékeré kan tí ènìyàn gidi ń lò, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rán aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ní kó fi ohun kan kún un tí kò rò tẹ́lẹ̀: owó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, fóònù kejì, oníbàárà tó fẹ́ san díẹ̀díẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan kóòdù, á kọ ojú ewé kan: ohun tí a fẹ́ pinnu, àwọn ọ̀nà tó wà, èyí tí ó mú, àti ohun tó máa ná wa. Michael Nygard, òǹkọ̀wé kan lórí iṣẹ́ kóòdù, ló sọ irú àkọsílẹ̀ yìí di gbajúmọ̀ láti ọdún 2011, inú folder kan náà pẹ̀lú kóòdù la sì ń kó o sí. Láàárín oṣù díẹ̀, ojú ewé yẹn á pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí orúkọ ńláńlá wọ̀nyẹn jẹ́ èsì fún. Ìgbà náà ni mo máa ń sọ orúkọ náà fún un.

Ti iṣẹ́ àjọ náà ní folder tirẹ̀. Èyí tí a kọ kẹ́yìn síbẹ̀ dá lórí bóyá kí a yọ SMS kúrò lórí server tó ń gba owó, kó máa dá gbé. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. A wo iye SMS tó ń jáde ní ìparí oṣù, a wo bí server ṣe ń mí, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá, tábìlì kan tí SMS á ti máa dúró de àyè ti tó, kí a tún un wò bí màmá bá ṣí ọjà kẹta.